ETÍ ÌWÉ: BÍ A ṢE LÈ TO ÌWÉ INÚ ÀPÓTÍ WA

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn ìwé tí ó wà nínú ilé wa. Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí á fi ìmọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ kan tí yóò ran ilé wa lọ́wọ́.

Ìwé wà nínú ilé, a kò sì rí i

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àpò rọ́bà kan ni gbogbo ìwé ń gbé. Ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé ìbí ọmọ wà níbẹ̀. Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé iná mànàmáná, ìwé alùpùpù, gbogbo wọn ló dì pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ tí a bá nílò ọ̀kan nínú wọn, a ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. Afẹ́fẹ́ a gbé ọ̀kan lọ. Ọmọdé a tẹ òmíràn mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó kù, a ó kó wọn padà bí wọ́n ṣe wà.

Wíwá báyìí lè kó wàhálà bá ilé. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò CEP gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbí kí wọ́n tó lè kọ orúkọ rẹ̀. Bí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ bá kọjá nígbà tí a ṣì ń tú àpò, ọmọ ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ.

Ti ilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àpẹẹrẹ, bàbá kan ra oko ọ̀pẹ. Ó gba ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí sì tẹ ìka sí i. Bàbá nìkan ni ó mọ èwo ni ìwé yẹn nínú àpò. Nígbà tí bàbá bá kú, tí ẹnìkan bá dìde pé òun ni ó ni oko, kí ni àwọn ọmọ yóò fi hàn? Ìwé wà nínú ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rí, bí ẹni pé kò sí ni.

Ìdí mìíràn tún wà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba wa. Àwa tí a kọ́ ìwé kíkà ní èdè Yorùbá lè mú ìwé ilẹ̀ dání kí á rò pé ìwé owó-orí ni. Nítorí náà, ó yẹ kí á fi èdè tiwa sàmì sí i.

Kí ni etí ìwé?

Etí ìwé ni páálí kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páálí ńlá kan, tí ó yọ síta díẹ̀, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí. Bí a ti ń di etí àpò mú kí á tó gbé e, bẹ́ẹ̀ ni a ń di etí ìwé mú kí á tó ṣí i. A kò ní máa tú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. A ó ka etí, a ó sì ṣí ibi tí a fẹ́.

Àwọn ọ́fíìsì ti ń lo irú nǹkan yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí ìtàn rẹ̀ lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1968, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Spencer Silver ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà. Ó ń wá gọ́ọ̀mù tí ó le gan-an. Èyí tí ó rí kò le rárá: ó ń lẹ̀ mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣí i kúrò láì fa ìwé ya. Fún ọdún mélòó kan, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe.

Ní ọdún 1974, ẹlòmíràn ní ilé-iṣẹ́ náà, Art Fry, ronú kan ìṣòro tirẹ̀. Akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń fi bébà kéékèèké sàmì sí ojú ewé orin tí wọn yóò kọ, ṣùgbọ́n àwọn bébà náà máa ń jábọ́. Ó wá fi gọ́ọ̀mù Silver sí bébà náà. Wọn kò jábọ́ mọ́, wọn kò sì ba ìwé orin jẹ́. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí tà á káàkiri Amẹ́ríkà. Post-it ni wọ́n pè é. Lónìí, ó wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ayé.

Kí ni a rí kọ́? Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ni yóò sọ irú gọ́ọ̀mù tí ó yẹ. Ẹni tí ó ń sàmì sí ìwé orin fẹ́ ohun tí ó ṣeé ṣí. Àwa tí a ń to ìwé ilé fẹ́ ohun tí yóò dúró fún ọdún púpọ̀, nínú òjò àti nínú ọyẹ́. Bébà tí ó ṣeé ṣí yóò jábọ́ bí eruku bá ti bá gọ́ọ̀mù rẹ̀. Nítorí náà, ti àwa yóò lẹ̀ pinpin. Ṣùgbọ́n ara páálí ni a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. A kò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìjọba.

Kọ́kọ́ wo inú àpótí

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bákan náà, inú àpótí ni a ó wò kí a tó sọ etí ìwé ní orúkọ. Ẹ tẹ́ ẹní mímọ́ sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sí afẹ́fẹ́. Ẹ kó ìwé jáde, kí ẹ pín wọn sí ìdì-ìdì. Bí ẹ kò bá mọ ìwé kan, ẹ pe ọmọ tí ó gbọ́ Faransé, kí ó ka àkọlé rẹ̀ fún yín.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìdì 6 yóò tó:

1. ÈNÌYÀN. Ìwé ìbí wà níbí. Àkọlé rẹ̀ ni «Acte de naissance». Ìwé ìdánimọ̀ tí ANIP ń fúnni, «Certificat d'identification personnelle», wà níbí pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìgbéyàwó.

2. ILẸ̀. Ìwé tí a fi ra ilẹ̀ ni «Convention de vente». Ìwé tí ó fi hàn pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wa gẹ́gẹ́ bí àṣà ni «Attestation de détention coutumière». Èyí tí ó lágbára jù ni «Titre foncier», tí a ń gbà lọ́dọ̀ ANDF. Òfin ilẹ̀ tí ilẹ̀ wa ń lò jáde ní ọdún 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2017. Ẹ fi ìwé owó-orí ilẹ̀ sí ìdì yìí pẹ̀lú.

3. ÌLERA. «Carnet de santé» àti «Carnet de vaccination» àwọn ọmọ.

4. ILÉ-ÌWÉ. Èsì ìdánwò, ìwé ẹ̀rí CEP àti BEPC, ìwé owó ilé-ìwé.

5. OWÓ. Ìwé CLCAM, ìwé àjọ, ìwé iná SBEE, ìwé omi SONEB, àti ìwé ohun tí a rà.

6. ALÙPÙPÙ. «Carte grise», «Assurance», àti ìwé tí a fi rà á.

Ẹni tí kò ní alùpùpù lè kọ ẸGBẸ́ tàbí OKO dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdì pọ̀ jù. Ìdì 20 yóò tún di rúdurùdu.

Ohun èlò

• páálí líle, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù ọjà;
• bébà funfun tí ó nípọn díẹ̀;
• rúlà ọmọ ilé-ìwé, sísọ́ọ̀sì àti bíìkì;
• gọ́ọ̀mù.

Bí kò bá sí owó gọ́ọ̀mù, ẹ̀gẹ́ oko wa tó. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a fún un, ìyẹ̀fun funfun kan máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi. Ẹ sá a kí ó gbẹ. Ẹ fi omi tútù ṣíbí 8 po ìyẹ̀fun yìí ṣíbí 1. Ẹ gbé e ka iná tí kò pọ̀, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki, tí yóò sì máa dán. Ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ìwọ̀nba tí ẹ ó lò lọ́jọ́ kan ni kí ẹ sè, nítorí ó máa ń kan. Ẹ má ṣe fi sí i ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí aáyán àti kòkòrò fẹ́ràn láti jẹ ẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìkíní: Bébà tí ìjọba ń lò sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 ní ìbú àti bí 30 ní gígùn. Ẹ gé páálí 6, kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30. Páálí gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìwé lọ díẹ̀ kí ó lè dáàbò bò ó.

Ìkejì: Ẹ gé bébà funfun 6 fún etí. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4, gígùn rẹ̀ jẹ́ 6. Ẹ ká a sí méjì láti àárín gígùn rẹ̀. Ó di 4 ní ìbú àti 3 ní gígùn.

Ìkẹta: Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ orúkọ sí i ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ká a. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá. Ẹ fi àmì ohùn sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó. ILẸ̀ dára ju ÌWÉ ILẸ̀ TÍ BÀBÁ RÀ lọ, nítorí ojú yóò tètè kà á.

Ìkẹrin: Ẹ ya àwòrán kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀: ènìyàn fún ÈNÌYÀN, igi ọ̀pẹ fún ILẸ̀, abẹ́rẹ́ fún ÌLERA. Ìyá àgbà tí kò tíì mọ ìwé kà yóò lè mú ìwé tí ó tọ́ nígbà tí ẹ kò bá sí nílé.

Ìkarùn-ún: Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí inú etí náà. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ páálí mú níwájú àti lẹ́yìn, kí ìdajì kejì yọ síta. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ gbé ohun wúwo lé e títí yóò fi gbẹ.

Ìkẹfà: Ibí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ má ṣe lẹ gbogbo etí sí ojú kan náà, kí èkíní má baà bo èkejì. Ẹ fi rúlà wọn ẹ̀gbẹ́ gígùn páálí láti òkè. Etí èkíní bẹ̀rẹ̀ ní 0, èkejì ní 5, ẹ̀kẹta ní 10, ẹ̀kẹrin ní 15, ẹ̀karùn-ún ní 20, ẹ̀kẹfà ní 25. Níwọ̀n bí ìbú etí kan ti jẹ́ 4, àlàfo 1 yóò wà láàárín wọn. Bí ẹ bá to páálí 6 náà jọ, ẹ ó rí gbogbo orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to ìwé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn páálí tirẹ̀.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù tàbí sẹ́lótéèpù kan ìwé ìjọba. Nínú ooru, gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù máa ń yọ́, ó sì máa ń ba ojú ìwé jẹ́. Ẹ má ṣe kọ nǹkankan sí ara ìwé náà. Ẹ má ṣe gún un ní ihò. Ẹ má ṣe ká ìwé ilẹ̀ sí mẹ́rin, nítorí ojú ibi tí a ká ni yóò kọ́kọ́ ya.

Bí a ó ṣe máa lò ó

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò rọ́bà, kí ẹ gbé e sínú àpótí onírin tí ó ní ìdérí. Ẹ má ṣe gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e lé orí bíríkì tàbí tábìlì, kí ikán àti omi òjò má baà dé ibẹ̀. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan tí ó bá pọ̀, ẹ ṣí i wò.

Bí ẹnìkan bá mú ìwé jáde, kí ó fi bébà kékeré sí ipò rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ báyìí: «Ìwé ìbí Àìná. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé-ìwé, 4 oṣù kẹwàá.» Nígbà tí ìwé bá padà dé, a ó yọ bébà náà kúrò.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìbí, kí ẹ fi í pamọ́ sí ilé ẹbí tí ẹ fọkàn tán. Iná lè jó ilé kan, kò sábà jó méjì pọ̀.

Ní ìparí, ẹ pe ìyàwó yín, ọkọ yín, àti ọmọ yín tí ó ti gbọ́n. Ẹ ṣí àpótí níwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ka etí kọ̀ọ̀kan sókè. Ìwé ilẹ̀ kì í ṣe ti bàbá nìkan. Ọjọ́ tí bàbá kò bá sí ni àwọn ọmọ yóò nílò rẹ̀ jù.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ló dé tí a kò fi lẹ etí mọ́ ara ìwé ìjọba?
2. Bí ìbú etí bá jẹ́ 5, tí àlàfo sì jẹ́ 1, etí mélòó ni páálí 30 lè gbà?
3. Orúkọ wo ni ẹ ó kọ sí etí ìwé nínú ilé yín? Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.