Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà Volkswagen Ìjàpá

Tọ́ọ̀pù méjì tí wọ́n fi irin fífúyẹ́ ṣe ló ń bo sìlíńdà mẹ́rin Ìjàpá, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ọ̀nà Badagry ní 1975. Mẹkáníìkì tó fẹ́ kó dára sí i, ní Shomolu tàbí Bariga, lè ní kí tọ́nà ha ojú tọ́ọ̀pù, kí àyè ìjóná kéré, kí agbára pọ̀. Agbára á pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru náà á pọ̀, ooru sì ni ọ̀tá irin yìí. Ẹ́ńjìnì náà kò lómi. Fáànù tí òun fúnra rẹ̀ ń yí ló ń tù ú. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ikorodu Road, bí ẹ́ńjìnì bá rọra ń yí, fáànù á rọra yí. Ẹ wo àárín ihò plọ́ọ̀gì àti ìjókòó fáàfù: ibẹ̀ ló sábà máa ń sán. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ gbá ìdọ̀tí kúrò láàárín àwọn awẹ́ tín-ín-rín tó wà lára tọ́ọ̀pù kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí wọ́n sì lọ fáàfù kó jókòó dáadáa, torí ìjókòó yẹn ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní Volkswagen pàápàá wá agbára kún un, pé ní 1970 ló sọ ọ̀nà ìwọlé kan di méjì nínú tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnì 1600. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìgbà kan náà ló sún ohun tó ń tu ọ́ìlì kúrò níbi tó ti ń dínà afẹ́fẹ́ mọ́ sìlíńdà kẹta. Fún Èkó, ìyípadà kejì yìí ló wúlò jù.