Lẹ́búlẹ́bú Òkúta àti Ilẹ̀ Kíkan

Bí a bá kúrò ní Independence Layout ní ìlú Enugu, tí a kọrí sí ọ̀nà Abakaliki, a ó kan Nkalagu. Òkúta ẹfun pọ̀ ní abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Òun ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1957 gbójú lé. Irú rẹ̀ wà ní Ewékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960.

Ní kúárì òkúta ẹfun, a ó lu ihò sí àpáta, a ó fi ẹ̀tù fọ́ ọ, ẹ̀rọ yóò rún un, asẹ́ yóò sì yà á sọ́tọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni a ń tẹ́ sí abẹ́ ọ̀dà ojú ọ̀nà. Èyí tí ó kúnná bí èlùbọ́ ni ó kan àwa àgbẹ̀.

Níbi tí òjò bá pọ̀, omi a máa wọ́ kálísíọ̀mù kúrò nínú ilẹ̀, ilẹ̀ a sì kan. Ajílẹ̀ oníàmóníà tí a ń lò lọ́dọọdún a máa dá kún un. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò àgbàdo a kúkúrú, ẹ̀wà àti ẹ̀pà kì í sì í so dáadáa. Ẹ̀gẹ́ a máa fara dà á jù wọ́n lọ. Ìyẹ̀fun òkúta ẹfun ni ó ń pa kíkan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Òkúta akọ ni ó pọ̀ jù nínú òkúta ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò lè pa kíkan ilẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí díẹ̀ nínú rẹ̀. Òkúta ẹfun yóò hó. Bí kò bá hó rárá, ẹ má náwó lé e kí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí:

(1) Ẹ bu erùpẹ̀ ní ojú mélòó kan nínú oko, ní jíjìn ínṣì 6. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

(2) Ìwọ̀n tí àyẹ̀wò bá sọ ni kí ẹ lò. Bí ó bá pọ̀ jù, ọ̀gbìn kò ní rí sínkì àti irin fà mọ́.

(3) Ẹ fọ́n ọn, kí ẹ sì ro ó mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 ṣáájú ìgbìn. Ẹ fi aṣọ bo imú.

(4) Ẹ má ṣe pò ó pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ oníàmóníà, nítorí agbára ajílẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹni tí ó bá ṣe èyí dáadáa yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tí ó bá ra lẹ́búlẹ́bú òkúta akọ ní orúkọ ẹfun ti kó owó rẹ̀ dà sínú erùpẹ̀.