Àga Aṣòfin: Ta Ni Ó Ni Ín?

Àwa tí a tọ́ dàgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ mọ̀ pé irúgbìn ọkàn ọmọdé a máa pẹ́ kí ó tó so. Julian Bond, ọmọ Adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà ìjọ Quaker ní ọdún 1957. Ìjọ náà kò fara mọ́ ogun rárá.

Ní ọdún 1965, àwọn ará Atlanta dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Georgia. Ṣùgbọ́n nítorí pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tako ogun Vietnam, àwọn aṣòfin kò jẹ́ kí ó búra wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Aṣòfin 184 kọ̀ ọ́. 12 péré ni ó gbè é.

Bond kò yí ohùn padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a tún dìbò lọ́dún náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ènìyàn rẹ̀ tún yàn án. Ní oṣù Kejìlá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ohùn ṣọ̀kan dá a láre pé aṣòfin lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ìlànà ìjọba. Ó jókòó ní ọdún 1967, ó sì ṣe aṣòfin ní ilé méjèèjì ìpínlẹ̀ náà títí di ọdún 1987.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó lé ìránṣẹ́ padà, ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni ó kọ̀. Àwọn olùdìbò ni ó ni àga aṣòfin.