Kí Ohùn Àwọn Àgbà Olórin Tó Parẹ́: Iṣẹ́ Tí Ètò Ìtàn Orin Ń Ṣe Lórí Rédíò

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni tó ń gbọ́ rédíò nílẹ̀ Yorùbá kò ní gbọ́ orin àtijọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò fi àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá sí i, yóò kí àwọn tó ń gbọ́ ọ nílé àti lọ́nà, yóò sọ pé orin tó nítumọ̀ nìyẹn, lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sórí òmíràn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ètò ìtàn orin. Ó yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, nítorí pé ohun tí à ń pàdánù níbẹ̀ kò kéré.

Nínú ètò ìgbádùn, orin ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú ètò ìtàn, ẹlẹ́rìí ni orin jẹ́. Olóòtú ètò yóò gbé ìbéèrè kan kalẹ̀, yóò wá àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn lọ, yóò gba ohùn wọn sílẹ̀, yóò sì fi orin síbi tí yóò ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ wọn tàbí kí ó ta kò ó.

Ẹ jẹ́ kí á fi àwo Oroki Social Club ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1971 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé e jáde, ẹgbẹ́ fàájì kan ní Òṣogbo ló sì fi kì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ orin náà sórí títí dòní. Ta ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Báwo ni olórin àpàlà tó fi Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe ilé ṣe di ẹni tí àwọn ará Òṣogbo ń pè sóde? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kò sọ ìtàn orin kan ṣoṣo. Ó ti sọ bí owó, òwò àti iyì ṣe rí nílùú ńlá nígbà náà.

Ètò ìtàn a tún máa ṣàlàyé ohun tí àwo fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Àwo àtijọ́, èyí tó máa ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tí Túndé King ṣe fún iléeṣẹ́ Parlophone ní 1936 lè rò pé ṣókí ni wọ́n ń kọ orin jùjú láyé ọjọ́un. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ààyè tó wà lójú àwo ló gé orin kúrú. Òde àríyá kò ní irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ni àwọn bí Ebenezer Obey àti Sunny Ade tó rí ààyè so orin kan mọ́ òmíràn nínú àwo láì dánu dúró.

Bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń wúlò títí, a lè rí i ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 1969, iléeṣẹ́ rédíò KRLA ní ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Pop Chronicles. John Gilliland ni olóòtú rẹ̀. Ètò náà ju wákàtí 50 lọ, ó sì tọpasẹ̀ orin àwọn ọdún 1950 sí 1969; lẹ́yìn náà ló tún ṣe ti àwọn ọdún 1940. Gilliland kò dá ìtàn náà sọ. Ó lọ bá àwọn olórin fúnra wọn, lára wọn ni Johnny Cash, Brian Wilson àti Bing Crosby. Crosby kú ní 1977, Cash ní 2003, Wilson ní 2025. Gilliland pàápàá ti kú láti 1998. Síbẹ̀, àwọn téèpù rẹ̀ wà ní Yunifásítì North Texas, a sì lè gbọ́ ohùn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti pa téèpù náà rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, bí iléeṣẹ́ BBC ti ṣe sí ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

Níbi tí ìtàn bá ti pé méjì, ibẹ̀ gan-an ni rédíò ti wúlò jù. Lórí orúkọ jùjú, àwọn kan ní bí wọ́n ṣe máa ń ju ìlù kékeré kan sókè ló fa á; àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe oògùn ìbílẹ̀ ni. Ti fújì yàtọ̀: Àyìndé Barrister fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé àwòrán òkè kan ní Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú lòun ti mú orúkọ náà. Ètò tó dára yóò jẹ́ kí á gbọ́ tọ̀tún-tòsì, kò ní fi ìkan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Àgbà ń tán lọ. I.K. Dáíró lọ ní 1996, Orlando Owoh ní 2008, Barrister ní 2010, Bàtílì Àlàkẹ́ àti Fàtáì Rolling Dollar ní 2013, Victor Ọláìyá ní 2020. Ṣùgbọ́n àwọn gbajúmọ̀ nìyẹn, tí àwọn akọ̀ròyìn ti bá sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tí ètò rédíò yẹ kó tètè wá lọ ni onílù tó jókòó sẹ́yìn wọn, elégbè tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ àwo, àti ìyá tó ń ta àwo lọ́jà. Àwọn yìí ló mọ ẹni tó san owó, ẹni tó bínú kúrò nínú ẹgbẹ́, àti ìlù tó kọ́kọ́ wọlé.

Iṣẹ́ náà kò gba owó rẹpẹtẹ. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ mọ́ ohùn náà. Kí a tọ́jú rẹ̀ pamọ́ síbi tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ìyá tó ti bá olórin ṣiṣẹ́ rí, ẹ má dúró de iléeṣẹ́ rédíò. Ẹ bi wọ́n léèrè lónìí.