Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àpótí ìbọn nínú ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn ọdẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá lábẹ́ òfin ìbọn ọdún 1968, ìwé náà sì pa á láṣẹ pé kí ìbọn wà níbi tí ọwọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ kò ti ní í tó o. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníbọn fi ń ra àpótí onírin tó bá BS 7558 mu, èyíinì ni ìlànà ilẹ̀ Britain fún irú àpótí bẹ́ẹ̀, tó béèrè irin tó nípọn tó mìlímítà 2.

Dídè é mọ́ ògiri ló ṣe pàtàkì jù, nítorí àpótí tó kàn dúró lásán, olè lè gbé e lọ tòun ti ìbọn inú rẹ̀. Ògiri bíríkì tó le ló yẹ. Láti inú àpótí ni wọ́n ti ń ki bóòtù bọ ògiri, irú èyí tó máa ń fẹ̀ nínú ihò bí wọ́n bá ṣe ń dè é, kí orí bóòtù lè wà nínú àpótí níbi tí ará ìta kò ti lè tú u. Bí ó bá wà ní igun yàrá, tí àlejò kò sì lè rí i, ó tún dára sí i, nítorí kò ní í sí àyè láti ti irin bọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kò gba gbẹ̀fẹ́ rárá: ìyàwó tàbí ọkọ tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ mọ ibi tó wà.