Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohùn Àwọn Bàbá Wa Bàjẹ́ Sínú Síídì

Kíkà: Jeremáyà 32:6-15

Nígbà tí Jeremáyà ra oko ní Ánátótì, Olúwa pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ náà sínú ìkòkò amọ̀, kí ó lè pẹ́ (ẹsẹ 14). Ogun ti yí Jerúsálẹ́mù ká nígbà náà, síbẹ̀ Ọlọ́run ń ro ti àwọn tí yóò wá lẹ́yìn ọ̀la. Ará ọ̀wọ́n, bí a bá tọ́jú ìwé ilẹ̀ báyìí, mélòómélòó ni ohùn àwọn tí ó bí wa nínú ìgbàgbọ́?

Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀délé Babalọlá sùn nínú Olúwa ní 1959. Àwọn tí ó fi etí ara wọn gbọ́ ìwàásù rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó tẹ̀lé e, orí síídì àti dívídì ni ìwàásù púpọ̀ nínú wọn wà. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú wà nínú àwo wọ̀nyí nílé wa. Màmá àgbà tí ó gbàdúrà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé ògo; ohùn rẹ̀ wà nínú àwo kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, a kì í rí òmíràn rà ní Akẹ̀sán tàbí ní Sábó.

Kí Ni Ó Ń Bà Á Jẹ́?

Síídì jáde fún títà ní 1982. Ike líle ni, a fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń dán bíi dígí bò ó. Lábẹ́ ojú tí a ń kọ orúkọ sí gan-an ni irin yìí wà, nítorí náà, bí ibẹ̀ bá ha, ó léwu ju ìsàlẹ̀ lọ. Ní ti èyí tí àwọn onífídíò ń ká fún wa, aró wà nínú rẹ̀ tí iná ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí. Ẹni tí ó mọ aṣọ aró mọ̀ pé oòrùn a máa ṣá a. Oòrùn, ooru abẹ́ páànù, ọ̀rinrin àkókò òjò àti eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá síídì.

Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

1. Ẹ di etí rẹ̀ tàbí ihò àárín mú. Ẹ má fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀.

2. Ẹ fi í sínú ike tirẹ̀, kí ẹ sì tò ó ní ìdúró bí ìwé. Ẹ má kó wọn lé ara wọn.

3. Ẹ gbé e sí ibi tútù, gbígbẹ, tí oòrùn kò dé. Ojú fèrèsé àti inú mọ́tò kò dára.

4. Ẹ má fi bírò kọ ọ́, ẹ má sì lẹ bébà mọ́ ọn.

5. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí. Ẹ má nù ún yíká.

6. Ẹ dà á kọ! Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Síídì lè kú láìkìlọ̀, bí a tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun púpọ̀ kò sì ní ojú síídì mọ́. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà àti sórí ohun ìpamọ́ mìíràn. Bí ọ̀kan bá wà ní Ọ̀yọ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí iná kan má baà jó méjèèjì. Ọba Jèhóíákímù dáná sun ìwé Jeremáyà, ṣùgbọ́n Bárúkù tún un kọ (Jeremáyà 36). Ta ni yóò tún ohùn Màmá kọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, iṣẹ́ yín nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ bá àwọn òbí yín, ẹ kó àwo inú ilé jọ, kí ẹ sì gbìyànjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sáàmù 78 kọ́ wa pé kí a má fi iṣẹ́ Olúwa pamọ́ fún ìran tí ń bọ̀.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rí rere ilé wa ṣègbé, ní orúkọ Jésù. Àmín.