Nígbà Tí Fóònù Ní Òdo Mítà Ni Gbogbo Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ ìṣirò la gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má sá o, kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wà ní District Heights, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ara ọmọ yín gbóná lóru. Ẹ ní kí fóònù wá ilé ìtajà oògùn tó súnmọ́ yín jù. Ọ̀kan wà ní 500 mítà, èkejì wà ní 1,000. Fóònù ní òdo mítà ni méjèèjì. Èwo lẹ máa lọ?

Ẹ wo ohun tó lè fa irú èyí. Ayé rí róbótó bí ọsàn. Láti mọ bí ibì kan ṣe jìnnà síbòmíràn, kọ̀ǹpútà máa ń wá igun tí ibi méjèèjì ṣe ní àárín ayé. Ìlànà kan wà tó kọ́kọ́ ń ṣírò cosine igun náà. Fún 500 mítà, cosine yẹn jẹ́ 0.9999999969. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 32-bit kò lè gbà ju bíi díjíìtì 7 lọ. Ni kọ̀ǹpútà bá kọ 1. Igun tí cosine rẹ̀ sì jẹ́ 1, òdo ni. Ibikíbi tí kò bá tó kìlómítà kan ààbọ̀ sí yín, bó ṣe máa rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ilẹ̀ District Heights ò ju máìlì onígun mẹ́rin kan lọ!

Ibo ni àṣìṣe wà? Inú ìyàtọ̀ tín-ín-rín tó wà láàárín 1 àti cosine yẹn ni gbogbo ọ̀nà náà fara pamọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ata rodo kan ṣe wúwo tó, ṣé ẹ máa wọn mọ́tò pẹ̀lú ata nínú, kí ẹ tún wọn mọ́tò láìsí ata, kí ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì? Òṣùwọ̀n mọ́tò ò mọ ata. Òdo lẹ máa bá. Àyọkúrò gan-an kọ́ ló jẹ̀bi o. Díjíìtì tí a ti gé dànù tẹ́lẹ̀ ló fà á. Àyọkúrò kàn tú àṣírí ni.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ wọn ata nìkan. Nínú ìṣirò, 1 − cos x bá 2 sin²(x/2) dọ́gba. Ọ̀tún ò ní àyọkúrò kankan nínú. Orí rẹ̀ ni ìlànà haversine dúró lé, èyí tí àwọn atukọ̀ òkun ti ń lò kí kọ̀ǹpútà tó dé. James Inman ló fún un lórúkọ yẹn ní 1835. Tí fóònù bá lò ó, nọ́ńbà 32-bit kan náà máa sọ pé nǹkan bí 500 mítà ni.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ ṣí spreadsheet, ẹ kọ =1-COS(0.00000001). Òdo lẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ spreadsheet ń lo nọ́ńbà 64-bit, tó gba bíi díjíìtì 15. Ẹ wá kọ =2*SIN(0.000000005)^2. Ẹ máa rí 5E-17: ó kéré gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú òmíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ẹ dúró ná, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó dìgbà kan ná o.